Páàṣì tuntun dé, Master League mi ńkọ́? Ìtọ́jú séèfù lórí PS2 tí wọ́n ti tú

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ máa ń bi mí jù ní ṣọ́ọ̀bù géèmù mi ní Òṣogbo nìyí: "Ìyá Géèmù, tí mo bá ki síídì tuntun yìí bọ̀ ọ́, ṣé Master League mi ò ní lọ?" Master League ni ibi tí èèyàn ti ń darí kíláàbù kan láti sísìn dé sísìn nínú PES, géèmù bọ́ọ̀lù; séèfù sì ni ibi tí èèyàn bá a dé tí ẹ̀rọ bá a tọ́jú. Ẹni tó ń béèrè ti gbá bọ́ọ̀lù náà títí, ó ti ta àwọn àgbà inú kíláàbù ẹ̀, ó ti fi sùúrù tọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó rà lówó pọ́ọ́kú dàgbà. Síídì mìíràn wá dé ọjà, wọ́n kọ ọdún tuntun gàdàgbà sí i lára, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Yúróòpù sì ti wà nínú kíláàbù wọn tuntun. Ọkàn ọmọ fẹ́ tuntun, kò sì fẹ́ kí ti àná bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Kò ní lọ, bí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e kúrò lójú ọ̀nà kí ẹ tó fọwọ́ kan síídì tuntun. Bí a ṣe ń gbé e, ibi tí a ń gbé e sí, àti ohun tí a ó ṣe bí tuntun àti àtijọ́ bá kọ̀ tí wọn ò gbọ́ra yé, ni mo fẹ́ là sílẹ̀. PS2 ni màá sọ jù, torí òun ni wọ́n ń gbé wá bá mi jù. Màá fi díẹ̀ kan PS3 nígbẹ̀yìn.

Ohun tó wà lábẹ́ aṣọ tuntun

PS2 ti jáde láti ọdún 2000. PES 2014 àti FIFA 14 wà lára àwọn géèmù tó jáde kẹ́yìn fún un, ní 2013, ọdún kan náà tí Sony ṣíwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ náà. Nítorí náà, síídì PS2 yòówù tí ẹ bá rí tí wọ́n kọ "PES 2023" tàbí "PES 2025" sí lára, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà lò ni. Wọ́n mú PES àtijọ́ kan, wọ́n pààrọ̀ jẹ́sì, ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù, orin àti pátákó ìpolówó etí pápá. Òun là ń pè ní páàṣì. Mi ò bú wọn o, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Àmọ́ géèmù àtijọ́ náà ló ṣì wà lábẹ́ aṣọ yẹn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà yí padà.

Gbogbo géèmù PS2 ló ní nọ́ńbà yìí: lẹ́tà mẹ́rin, nọ́ńbà márùn-ún. GTA San Andreas ti Amẹ́ríkà ń jẹ́ SLUS-20946, ti Yúróòpù ń jẹ́ SLES-52541. Òun ni géèmù fi ń dá séèfù tirẹ̀ mọ̀ lórí mẹ́mórì káàdì. Fódà séèfù ti Amẹ́ríkà á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BASLUS-20946, ti Yúróòpù á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BESLES-52541. Tí ẹ bá rí BI níwájú, géèmù Japan nìyẹn.

Ẹni tó ti rìn jìnnà nínú San Andreas ti Amẹ́ríkà, tí síídì rẹ̀ wá fọ́, tó lọ ra òmíràn tó jẹ́ ti Yúróòpù, kò ní rí séèfù rẹ̀ níbẹ̀. Ó wà lórí káàdì pẹ̀sẹ̀, géèmù tuntun yẹn kàn ń pe orúkọ mìíràn ni. Kí onítọ̀hún wá síídì Amẹ́ríkà lọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Páàṣì bọ́ọ̀lù ló yí ọ̀rọ̀ náà sódì: páàṣì méjì tó ti ara PES kan náà wá, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń jẹ́, wọ́n á sì máa ka séèfù ara wọn bí ẹni pé tiwọn ni. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nínú PES, oríṣi séèfù méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀ yàtọ̀ síra. Ọ̀kan ni Option File. Òun ni géèmù máa ń kà nígbà tó bá ń tàn lọ́wọ́, kó tó gbé yín dé ojú ewé àkọ́kọ́. Inú rẹ̀ ni orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wà, kíláàbù tí oníkálukú wà, jẹ́sì tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe, àti bí ẹ ṣe to páàdì. Èkejì ni séèfù tiyín gan-an: Master League, kọ́ọ̀pù tí ẹ ò tíì gbá tán, góòlù tí ẹ tọ́jú kẹ́ ẹ lè máa fi yangàn.

Ọmọkùnrin kan fi ìbínú wọlé wá bá mi ní Sátidé kan, ó ní ẹni tó ta síídì fún òun ti lu òun ní jìbìtì. Wọ́n kọ ọdún tuntun sí i, àmọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣì wà ní kíláàbù tí wọ́n ti kúrò. Mo yọ mẹ́mórì káàdì rẹ̀, mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn láìsí káàdì. Gbogbo wọn ti wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Option File àtijọ́ tó wà lórí káàdì ni géèmù ń kà, òun ló sì fi ti àná bo ti òní mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí jẹ́sì tuntun pẹ̀lú orúkọ àtijọ́, tàbí tí ojú agbábọ́ọ̀lù kan bá wà lọ́rùn ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ yọ káàdì kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lólè.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

Ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú, ìyẹn èyí tí wọ́n ti mú ìdènà Sony kúrò lára rẹ̀, ló máa ṣe é. Bóyá wọ́n jó ṣíípù mọ́ ọn nínú ni, bóyá ó ń lo Free McBoot, ètò tó ń tú ẹ̀rọ láti orí mẹ́mórì káàdì, ni, kò burú. Free McBoot ni mo fẹ́ràn, torí a kì í ṣí inú ẹ̀rọ kí a tó lò ó. Àwọn kan lára PS2 tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ SCPH-9000x, àwọn tó jáde kẹ́yìn, kì í gbà á. Ìyókù ń gbà á.

Káàdì méjì, ti Sony gan-an, 8 MB. Wọ́n á fi 64 MB àti 128 MB hàn yín ní ọjà, owó wọn á sì dùn ún gbọ́. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Wọ́n máa ń ṣe jẹ́jẹ́ títí wọ́n á fi kún díẹ̀, tí séèfù á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ti rà á, ẹ fi tọ́jú ohun tí kò ní dùn yín bó bá lọ.

Fíláàṣì kan, tí wọ́n fọ́múáàtì sí FAT32. Kò pọn dandan kó tóbi, séèfù kì í gba àyè lórí fíláàṣì. USB ara PS2 jẹ́ 1.1, ó lọ́ra bí ìgbín, ṣùgbọ́n fún séèfù kò sí ìṣòro.

Ẹ tún wá kútẹ́ẹ̀sì. Mo ń sọ òótọ́. Gbogbo mẹ́mórì káàdì dúdú ló jọra, bébà tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ọn á sì ṣí nínú òógùn ọwọ́ àwọn ọmọ. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kán ẹyọ kan sí igun káàdì tí Free McBoot wà lórí rẹ̀, mo fi àwọ̀ ewé kán káàdì séèfù. Ó ti gbẹ síbẹ̀, kò ṣí. Àwọn ọmọ mọ̀ pé a kì í séèfù sórí pupa. Ihò kìíní ló ń gbé, kò sì ń kúrò níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ya pupa sọ́tọ̀ ni pé Free McBoot so mọ́ káàdì tí wọ́n gbé e lé lórí. Ẹ ò lè da fódà rẹ̀ kọ sórí káàdì mìíràn kó sì ṣiṣẹ́; ohun tí wọ́n fi tì í pa jẹ́ ti káàdì yẹn nìkan, àfi kẹ́ ẹ lo installer rẹ̀ láti gbé e lé káàdì tuntun. Tí ẹni kan bá wá ń wá àyè fún Master League, tó rí fódà BEEXEC-SYSTEM, BAEXEC-SYSTEM, SYS-CONF tàbí BOOT, tó sì rò pé ìdọ̀tí ni, tó pa á rẹ́, ẹ̀rọ kò ní tàn sí Free McBoot mọ́. Mo ti tún irú rẹ̀ ṣe fún àwọn èèyàn, owó iṣẹ́ ni wọ́n san fún ohun tí kútẹ́ẹ̀sì ì bá ti dènà.

Gbígbé séèfù jáde

Tí ẹ bá ní káàdì méjì, tí ẹ ò ní Free McBoot rárá, Browser inú PS2 fúnra rẹ̀ lè da séèfù kọ láti káàdì kan sí èkejì. Ẹ tan ẹ̀rọ láìfi síídì sí i, ẹ wọ Browser, ẹ yan káàdì, ẹ yan séèfù, ẹ tẹ Copy. Àwọn séèfù díẹ̀ kan wà tí kò ní gbà kí a dà á kọ báyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló gbà. Ìyẹn kéré jù lọ tí ẹ lè ṣe. Síbẹ̀, káàdì méjì nínú ilé kan náà kì í ṣe ìtọ́jú lójú mi, torí ọmọ tó bá jí PS2 gbé, àti káàdì ni yóò gbé lọ.

Ọ̀nà tí mo ń lò ni uLaunchELF, ètò tí a fi ń wo fáìlì tí a sì fi ń dà á kọ, tó máa ń wà nínú ojú ewé Free McBoot. Káàdì pupa wà ní ihò kìíní, ewé ní ihò kejì, fíláàṣì ti wà ní ojú USB kí a tó tan ẹ̀rọ.

Ẹ wọ uLaunchELF, ẹ wọ FileBrowser. Ẹ ó rí orúkọ àwọn ibi tí nǹkan wà: mc0:/ ni káàdì ihò kìíní, mc1:/ ni ti ihò kejì, mass:/ ni fíláàṣì. Bí mass kò bá tètè ṣí, ẹ mú sùúrù díẹ̀, ẹ tún un tẹ̀. Ìsàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n kọ bọ́tìnì tí ẹ máa fi wọlé àti èyí tí ẹ máa fi jáde. Ẹ kà á, torí ti ẹ̀rọ kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì. R1 ló ń ṣí ojú iṣẹ́.

Ẹ wọ mc1:/. Ẹ gbé àmì sórí fódà séèfù tí ẹ fẹ́, ẹ má wọ inú rẹ̀. Ẹ tẹ R1, ẹ yan Copy. Ẹ padà sẹ́yìn, ẹ wọ mass:/, ẹ tẹ R1, ẹ yan New Dir, kí ẹ sì dá fódà kan sílẹ̀ fún ọjọ́ náà. Orúkọ tí mo máa ń fún un ni orúkọ ọmọ àti ọjọ́: KUNLE-0306, bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà gbẹrẹfu ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má wulẹ̀ wá àmì ohùn síbẹ̀, ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ wọ inú fódà tuntun yìí, ẹ tẹ R1, ẹ yan psuPaste.

Ibi psuPaste yẹn ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀, torí Paste lásán náà wà níbẹ̀, ọwọ́ sì máa ń yára lọ síbẹ̀. Paste á da fódà náà kọ bó ṣe rí, ṣùgbọ́n àwọn àmì kéékèèké tí mẹ́mórì káàdì fi sí séèfù náà lára kò ní bá a dé orí fíláàṣì, àwọn géèmù kan á sì kọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ bá dá a padà. psuPaste á di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí fáìlì kan ṣoṣo tí ìparí orúkọ rẹ̀ jẹ́ .psu, pẹ̀lú àmì rẹ̀ pípé. Fáìlì kan ṣoṣo náà ló tún rọrùn láti tọ́jú: ẹ lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè fi WhatsApp fi í ránṣẹ́ sí ara yín gẹ́gẹ́ bí document. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi, orí WhatsApp ìyá wọn ni Master League wọn wà.

Kí ẹ tó yọ fíláàṣì, ẹ gbé àmì sórí .psu náà, R1, Get Size. Tí ó bá kọ òfo, ẹ tún un ṣe.

Láti dá a padà, ẹ yí i sódì: ẹ Copy fáìlì .psu lórí mass:/, ẹ wọ mc1:/, R1, psuPaste. Á tú ara rẹ̀ sí fódà. Tí fódà tó ń jẹ́ orúkọ yẹn bá ti wà lórí káàdì tẹ́lẹ̀, ẹ gbé ìyẹn jáde ná, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tó tú tuntun síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí méjèèjì dàpọ̀.

Tí ọjọ́ tó wà lára séèfù bá ń fi ọdún 2000 hàn ní gbogbo ìgbà, bátìrì kékeré CR2032 tó wà nínú ẹ̀rọ ló ti kú. Kò ba séèfù jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ èyí tó tuntun jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fọwọ́ ara mi kọ ọjọ́ sí orúkọ fódà.

Páàṣì tuntun wá dé

Bí ọmọ bá gbé síídì tuntun wá bá mi, mo máa ń béèrè ibo ló dé nínú Master League. Bí sísìn bá ku díẹ̀ kó parí, mo máa ní kó lọ parí rẹ̀ pẹ̀lú síídì àtijọ́. Àwọn kan máa ń fẹ́ gbé Master League àtijọ́ sínú páàṣì tuntun. Ó lè ṣí. Orúkọ kan lè wà lórí ojú ẹlòmíràn, agbábọ́ọ̀lù tí ẹ fowó ńlá rà lè di ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, ẹ̀rọ sì lè gan mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín ìdíje méjì. Tí ẹ bá séèfù lé e nínú ipò bẹ́ẹ̀, síídì àtijọ́ pàápàá lè má mọ̀ ọ́n kà mọ́. Mi ò gbà á níyànjú fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá ti ṣe tán, ọ̀nà rẹ̀ nìyí. Ẹ gbé Option File àti Master League àtijọ́ jáde bí .psu, kí ẹ sì rí i dájú. Ẹ pa Option File àtijọ́ rẹ́ lórí káàdì. Tí síídì tuntun bá ní Option File tirẹ̀, ẹ gbé e wọlé kí ẹ tó tan géèmù. Àwọn páàṣì kan ti gbé gbogbo rẹ̀ sínú síídì, wọn ò nílò rẹ̀. Àwọn mìíràn, láìsí Option File wọn, kíláàbù á máa jẹ́ orúkọ tí ẹ ò gbọ́ rí. Ẹ bi ẹni tó tà á. Lẹ́yìn náà, ẹ tan géèmù, ẹ wo kíláàbù méjì mẹ́ta tí ẹ mọ̀ dáadáa, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ Master League tuntun.

Option File tí wọ́n bá fún yín lè má jẹ́ .psu. Ẹ lè rí .max, .xps tàbí .cbs. Lórí kọ̀ǹpútà, ètò kékeré kan wà tó ń jẹ́ mymc: ẹ ṣí fáìlì kan tó dúró fún mẹ́mórì káàdì nínú rẹ̀, ẹ fi Import gbé fáìlì náà wọlé, ẹ fi Export gbé e jáde bí .psu. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Ẹni tó bá fẹ́ máa gbá méjèèjì pọ̀, kó ra káàdì séèfù kejì. Mo mọ̀ pé owó ni. Àmọ́ káàdì kan fún páàṣì kan ni ohun tó mú ìjà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi: ewé fún àtijọ́, àwọ̀ wúrà fún tuntun, kò sí ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ mi mọ́ ibi tí agbábọ́ọ̀lù òun wà.

Fún ẹni tó ń fi fíláàṣì gbá géèmù

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni lẹ́ńsì rẹ̀ ti kú, OPL, ètò kan tí kò nílò síídì, ni wọ́n fi ń gbé géèmù láti orí fíláàṣì tàbí háàdì dísìkì. Níbí, séèfù lè wà ní ibi tí ẹ ò fojú sí: nínú VMC. Ìyẹn ni mẹ́mórì káàdì tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, fáìlì kan tí ó sábà jẹ́ 8 MB, nínú fódà tó ń jẹ́ VMC lórí fíláàṣì náà. Ẹ gbé àmì sórí géèmù nínú OPL, ẹ tẹ ìgun mẹ́ta, ẹ wọ Game Settings, ẹ ó rí VMC Slot 1 àti 2. Tí orúkọ kan bá wà níbẹ̀, séèfù yín kò sí lórí káàdì gidi.

Àwọn èèyàn máa ń kó páàṣì tuntun wá, wọ́n á ní fíláàṣì kún, wọ́n á fọ́múáàtì rẹ̀, Master League á sì bá a lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó fọ́múáàtì, ẹ kó fódà VMC àti CFG, ibi tí OPL ń tọ́jú ètò géèmù sí, sórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ tún nílò láti fọ́múáàtì ju bí ẹ ṣe rò lọ. OPL fẹ́ kí ISO, ìyẹn odindi síídì tí wọ́n sọ di fáìlì kan, wà ní ojú kan náà lórí fíláàṣì, láìgé sí wẹ́wẹ́. Tí ẹ bá pa àtijọ́ rẹ́, tí ẹ ki tuntun sí àyè tó ṣẹ́ kù, á fọ́nká síhìn-ín sọ́hùn-ún, OPL á sì ní òun ò gbé e. VMC náà ò fẹ́ kí wọ́n fọ́n òun ká. Bí mo ṣe máa ń ṣe é: mo kó VMC àti CFG jáde, mo fọ́múáàtì, mo dá VMC padà ṣáájú nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́, lẹ́yìn náà ni mo wá ń kó ISO wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní ìdì. Géèmù tó bá ju 4 GB lọ, FAT32 kò gbà á ní odindi, USBUtil la fi ń gé e, orúkọ gbogbo rẹ̀ á sì wà nínú ul.cfg. Ẹ má fọwọ́ lásán pa èyíkéyìí nínú ègé wọ̀nyẹn rẹ́. Inú USBUtil ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́.

OPL ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tọ́jú ètò géèmù kọ̀ọ̀kan. Tí páàṣì méjì bá ní nọ́ńbà kan náà, VMC kan náà ni wọ́n jọ máa lò, bó ti wù kí ẹ sọ orúkọ wọn. Ẹ ní láti fọwọ́ yí VMC padà nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ sọ wọ́n ní PES_ATIJO àti PES_TUNTUN kí ó lè yé yín.

Iná

Iná tó bá lọ nígbà tí géèmù ń kọ̀wé sórí káàdì ló ń ba séèfù jẹ́ jù, ó ju páàṣì lọ. Kò sí ohun tí ẹ lè fi uLaunchELF tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí mo wà, ẹ ò lè gbẹ́kẹ̀ lé iná láti ìdajì kìíní dé ìdajì kejì. Inverter kékeré ló dáa jù. Bí kò bá sí, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ kẹ́ ẹ tó séèfù, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tí kò ní náwó rárá ni kẹ́ ẹ má séèfù sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra. San Andreas fún yín ní àyè mẹ́jọ. Tí ẹ bá padà sílé àwọn Johnson ní Grove Street láti séèfù, ẹ fi ti òní sí àyè kìíní, ti ọ̀la sí ìkejì, kẹ́ ẹ tún padà sí ìkíní. Bí iná bá lọ nígbà tí ìkejì ń kọ lọ́wọ́, ìkíní ṣì wà. Nínú PES náà, ẹ fi Master League sí orúkọ méjì, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ wọn. Káàdì 8 MB á tètè kún torí fáìlì bọ́ọ̀lù wúwo, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ bí a ṣe ń kó ti àtijọ́ lọ sórí fíláàṣì báyìí.

Kí ẹnikẹ́ni má yọ káàdì nígbà tí iná pupa ẹ̀rọ ò tíì wọlé. Mo ti lé ọmọ kan jáde nítorí ẹ̀.

PS3, ní ṣókí

PS3 tí wọ́n fi HEN tàbí CFW, àwọn ètò tí wọ́n fi ń tú PS3, sí yàtọ̀, torí níbẹ̀ ni àpdéètì gidi ti wà, tí wọ́n ń jáde ní fáìlì .pkg. Àpdéètì géèmù àti àpdéètì ẹ̀rọ kì í ṣe ohun kan náà. Ti géèmù ń tún géèmù ṣe. Ti ẹ̀rọ ń pààrọ̀ firmware, ìyẹn ètò tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, HEN kò sì ní ṣiṣẹ́ àyàfi tí wọ́n bá ti ṣe èyí tó bá firmware yẹn mu. Nígbà tí ẹ̀rọ bá béèrè pé kí òun ṣe System Update, ẹ sọ pé rárá, títí ẹ ó fi mọ̀ pé HEN ti rẹ̀ ti jáde.

Àpdéètì géèmù, ẹ gbé wọn sórí fíláàṣì FAT32, ẹ wọ Package Manager, ẹ yan Install Package Files. Tí wọ́n bá pọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù, 01.01 kó tó di 01.02, kẹ́ ẹ má fo ọ̀kankan. Ẹ mọ̀ pé séèfù tí ẹ ṣe lórí àpdéètì tuntun, géèmù tí kò ní àpdéètì yẹn lè má ṣí i. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ gbé séèfù lọ sí PS3 ọ̀rẹ́ yín, ẹ gbé .pkg dání.

Séèfù PS3 wà ní dev_hdd0/home/00000001/savedata. 00000001 ni ẹni àkọ́kọ́ tó forúkọ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ẹni kejì á jẹ́ 00000002. Ẹ ò ní láti wọ ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó dà á kọ. Nínú Game, ẹ wọ Saved Data Utility, ẹ gbé àmì sórí séèfù, ẹ tẹ ìgun mẹ́ta, Copy, ẹ yan USB. Á wọ fódà PS3/SAVEDATA lórí fíláàṣì. GTA V ti Yúróòpù á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BLES01807, ti Amẹ́ríkà pẹ̀lú BLUS31156, ìtàn kan náà bíi ti PS2. Èyí tó bá kọ̀ láti dà kọ, tàbí tó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, Apollo Save Tool ni wọ́n ń lò láti fi orúkọ yín sí i.

Nígbà tí háàdì dísìkì bá kún, Game Data Utility ni kẹ́ ẹ wọ, kì í ṣe Saved Data Utility. Ohun tó wà nínú Game Data ni àpdéètì àti ohun tí géèmù fúnra rẹ̀ kó sílẹ̀. Ẹ lè pa á rẹ́ kẹ́ ẹ sì tún un fi sí i lọ́la láti orí .pkg. Méjèèjì wà ní abẹ́ Game kan náà, orúkọ wọn sì jọra. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tẹ Delete.